Bí A Ṣe Lè Mí Dáadáa Nínú Ìbòmú

Ẹ̀yin ìyá wa àti gbogbo ará ilé, ó dá wa lójú pé ẹ kò tíì gbàgbé ọdún 2020. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ará Ítálì kan tí ó gba Èkó wọlé ni ó gbé e dé, ó sì ti lọ sí Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín kí a tó mọ̀. Láti ìgbà náà ni ìbòmú ti di ohun tí gbogbo ilé mọ̀, láti Ifọ̀ títí dé Akute. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́, ṣùgbọ́n ìbòmú ṣì wúlò ní ilé ìwòsàn àti nínú ilé tí ẹnìkan bá ti ń wúkọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń wí ni pé, “Kì í jẹ́ kí n mí.” Nítorí èyí ni wọ́n fi ń fà á sí àgbọ̀n, níbi tí kò ti lè ṣe iṣẹ́ kankan. Òtítọ́ ni pé afẹ́fẹ́ ń gba àárín òwú wọlé, ó sì ń gba ibẹ̀ jáde. Àwọn dókítà a máa wọ ìbòmú fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ohun tí ó ń ni wá lára ni ooru, aṣọ tí èémí ti rin, àti àyà jíjá tí ó ń mú ni mí hẹlẹhẹlẹ.

Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òwú ni kí ó kan ẹnu. Sátínnì àti ọ̀rá kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa. Bí Ańkárá tuntun bá ni, ẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì inú rẹ̀ jáde. Kí télọ̀ rán an kí ó yọ síwájú díẹ̀, kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ihò imú nígbà tí ẹ bá fa èémí. Ẹ mú méjì tàbí mẹ́ta dání, kí ẹ lè pààrọ̀ èyí tí ó bá ti tutù. Àwọn kan a máa fi Robb tàbí lọ́fínńdà sí inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀; òórùn líle a máa ta ọ̀fun, ó sì lè ru ásímà sókè.

Bí èémí bá fẹ́ há yín nínú mọ́tò láàárín Akute sí Òjódù, ẹ dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ, kí ẹ sì sọ èjìká kalẹ̀. Ẹ fi imú fa èémí díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá rọra fẹ́ ẹ síta láti ẹnu, bí ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná kí ọmọ tó mu ún. Ẹ jẹ́ kí ìmísíta pẹ́ ju ìmísínú lọ. Ẹ ṣe é ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Ẹ kò gbọdọ̀ fi ìbòmú sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ má sì ṣe lò ó sùn. Kò sì lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀: májèlé inú èéfín náà kì í ní òórùn, a sì máa gba inú aṣọ kọjá. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, ni kí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí.

Bí ẹ bá bọ́ ìbòmú, tí ẹ jókòó sí ibi atẹ́gùn, tí èémí kò sì balẹ̀, a jẹ́ pé ìbòmú kọ́ ni. Ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn kan tán kí ó tó mí, tàbí ọmọ tí ìhà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Títí tí nọ́ọ̀sì yóò fi sọ èsì, òun tí ó ń wúkọ́ gan-an ni kí ó wọ ìbòmú nínú ilé, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí àwọn ọmọ má sì bá a sùn nínú yàrá kan náà.