Ẹnìkan Kì Í Jẹ́ "Àwá Dé": Ẹ̀kọ́ Láti Inú Eré Selena Piek

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé". Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì ń bá ara wọn jiyàn ní pápá badminton ilé-ẹ̀kọ́ wa. Bọ́ọ̀lù oníyẹ̀ẹ́ bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì. Èkíní ní, "Tìẹ ni." Èkejì ní, "Tìẹ mà ni." Kí wọ́n tó parí ẹjọ́, ayò ti lọ. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé yàrá, a rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ iṣẹ́ eléré ìdárayá kan wò: Selena Piek, obìnrin ọmọ orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, tí ó fi eré badminton ẹlẹ́ni méjì ṣe iṣẹ́ ṣe.

BÍ ERÉ ẸLẸ́NI MÉJÌ ṢE RÍ

Kí àwọn tí kò mọ eré yìí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀. Ìyẹ́ 16 ni ó wà lára bọ́ọ̀lù rẹ̀, kò sì wúwo ju gíráàmù 5 àti ààbọ̀ lọ. Gígùn pápá jẹ́ mítà 13.40. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan sí ẹnìkan, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 5.18, bí ó bá jẹ́ ẹni méjì sí ẹni méjì, ó di mítà 6.10. Ẹ ṣàkíyèsí pé ènìyàn ti di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò fi mítà kan fẹ̀ sí i. Ikọ̀ tí ó bá kọ́kọ́ ní ayò 21 ni ó gba sẹ́ẹ̀tì kan. Ẹni tí ó bá gba sẹ́ẹ̀tì méjì nínú mẹ́ta ni ó borí. Bí ó bá di 20 sí 20, ikọ̀ kan gbọ́dọ̀ fi ayò méjì ju èkejì lọ, àfi bí wọ́n bá gbá a dé 30.

Nígbà tí ikọ̀ kan bá ń kọlu èkejì, ẹnìkan a dúró níwájú nítòsí àwọ̀n, ẹnìkejì a wà lẹ́yìn, a máa fọ́ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láti òkè. Bí ó bá di pé àwọn ni wọ́n ń gbèjà, wọn a yára tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, olúkúlùkù a sì máa ṣọ́ ìdajì pápá tirẹ̀. Wọ́n lè pààrọ̀ ipò báyìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ayò kan ṣoṣo tó parí. Kò sí àyè fún ìbéèrè. Ẹni tí ó wà níwájú kò rí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kàn ní láti gbà pé ó wà níbẹ̀ ni.

PIEK ÀTI MUSKENS

Ọdún 1991 ni a bí Piek. Ẹni tí wọ́n jọ di olókìkí nínú eré obìnrin méjì ni Eefje Muskens, tí a bí ní 1989. Ní 2015, wọ́n dé ìdíje àṣekágbá Canada Open ní ìlú Calgary, ṣùgbọ́n Jwala Gutta àti Ashwini Ponnappa láti Íńdíà ni ó borí wọn. Ní 2016, wọ́n lọ sí Òlíńpíìkì ní Rio de Janeiro. Piek kò fi mọ sí eré kan níbẹ̀: òun àti Jacco Arends tún jọ díje nínú eré ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin.

Piek àti Muskens la ìpele àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n sì dé kọ́tà-fáínà, níbi tí ó ti ku ikọ̀ mẹ́jọ péré. Àwọn tí wọ́n bá pàdé ni Jung Kyung-eun àti Shin Seung-chan ti Gúúsù Kòríà. Kòríà gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, 21 sí 13. Èkejì le bí ojú ẹja. Àwọn ọmọ Nẹ́dálándì ni ó gbà á, 22 sí 20. Ẹ̀kẹta ni ó já wọn kulẹ̀, 21 sí 14. Jung àti Shin tẹ̀síwájú, wọ́n sì gba idẹ, àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo tí Kòríà rí gbà nínú badminton ní Rio.

Ìdíje àṣekágbá eré obìnrin méjì yẹn pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Misaki Matsutomo àti Ayaka Takahashi ti Jàpáàn ni, pẹ̀lú àwọn ọmọ Dẹ́ńmáàkì méjì. Nínú sẹ́ẹ̀tì tí ó kẹ́yìn, ayò 16 ni Jàpáàn ní, Dẹ́ńmáàkì ti ní 19. Jàpáàn gba ayò márùn-ún léraléra, wọ́n sì gba wúrà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti dúró bi èkejì pé ta ni ó ba nǹkan jẹ́, a kò rò pé ayò márùn-ún náà ì bá wá.

NÍGBÀ TÍ ẸNÌKEJÌ LỌ

Kò pẹ́ lẹ́yìn Rio tí Muskens fi eré ìdíje àgbáyé sílẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ Piek ti wọ̀ wá lára. Ẹni tí ó ń dá gbá eré tirẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkejì eléré ẹlẹ́ni méjì bá lọ, ìdajì ohun tí ó mọ̀ ti bá a lọ. Ibi tí ẹni náà fẹ́ràn láti dúró sí, bọ́ọ̀lù tí ó máa ń fi sílẹ̀ fún ọ, èyí tí kì í fi sílẹ̀ láé, gbogbo rẹ̀ ni ó di àtúnkọ́.

Piek sì tún un kọ́. Òun àti Cheryl Seinen, tí a bí ní 1995, bẹ̀rẹ̀ sí í jọ gbá eré obìnrin méjì. Òun àti Robin Tabeling, tí a bí ní 1994, ni wọ́n jọ ń gbá ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. Ẹni tí ó jẹ́ àbúrò lọ́dọ̀ Muskens wá di ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ méjèèjì kò sì jọra. Nínú ti ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin, obìnrin ni ó sábà máa ń ṣọ́ iwájú àwọ̀n. Nínú ti obìnrin méjì, àwọn méjèèjì ni ó ń ṣe tiwájú, tí wọ́n ń ṣe tẹ̀yìn.

Àrùn Kòrónà sún Òlíńpíìkì Tokyo láti 2020 sí 2021. Ìdíje yìí kan náà ni Godwin Olofua àti Anuoluwapo Juwon Opeyori ti gbá eré ọkùnrin méjì fún Nàìjíríà. Piek àti Tabeling kò kọjá ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun àti Seinen dé kọ́tà-fáínà. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Shin Seung-chan ti ọjọ́sí! Òun náà ti pààrọ̀ ẹnìkejì; Lee So-hee ni wọ́n jọ wá lọ́tẹ̀ yìí. Kòríà borí, eré náà kò sì dé sẹ́ẹ̀tì kẹta.

ṢÉ ASÁN NI?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí kò gba àmì-ẹ̀yẹ, kí ni a ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sí? Lóòótọ́, títí dé Òlíńpíìkì Paris ní 2024, àmì-ẹ̀yẹ kan ṣoṣo ni Nẹ́dálándì ti gbà nínú badminton: fàdákà tí Mia Audina gbà ní Athens ní 2004, nínú eré ẹlẹ́nìkan. A kò sì ní purọ́ pé ẹnu ọ̀nà dùn bí inú ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí. Bí ènìyàn bá bá ẹnìkan dé ibìkan, a lè sọ pé ẹni náà ni ó gbé e débẹ̀. Bí ó bá tún bá ẹlòmíràn dé ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, a jẹ́ pé òun náà mọ ọ̀nà, ó sì mọ bí a ti ń fi ọ̀nà hanni. Lójú tiwa, èyí kì í ṣe asán.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá wa ní ìlú tí a kì í sọ ọ́ lọ́jà, ẹgbẹ́ yìí ni ilé wa. Lọ́dọọdún ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa ń parí ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń lọ sìnrú ìlú. Nígbà tí mẹ́ta nínú àwọn tí ó ń gbé ìwé ìròyìn yìí ró lọ lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ ló kù kí a gbé e jù sílẹ̀. Ohun tí a sọ nígbà náà ni pé, "Kò lè rí bíi tàtijọ́ mọ́." Kò sì rí bíi tàtijọ́ lóòótọ́. Àwọn ọmọ tuntun ni a jọ kọ èyí tí ẹ ń kà yìí.

Ní ti àwọn méjì tí ń jiyàn, a rí ìdáhùn fún wọn. Bí ẹni méjì tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹni apá òsì ni ó sábà máa ń gba bọ́ọ̀lù àárín, nítorí pé ọwọ́ tí ó fi ń gbá a ni ó kọjú sí àárín. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó gbéra ni wọ́n ti ń fi èyí ṣe àdéhùn. Bí ó bá ti wà lófuurufú, ẹjọ́ ti pẹ́ jù.