Ta Ni Ó Mọ̀ Pé Eré Ni? Ẹ̀kọ́ Lórí Ẹranko Nínú Sinimá Ẹlẹ́rìn-ín

Nígbà tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wo sinimá kan tán, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ǹjẹ́ ajá yẹn mọ̀ pé eré ni òun ń ṣe?” N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo tún eré náà wò. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Bringing Up Baby ni orúkọ rẹ̀. Howard Hawks ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938. Katharine Hepburn àti Cary Grant ni àgbà òṣèré ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹranko méjì ni ó ń da gbogbo ọ̀rọ̀ rú: Skippy, ajá kékeré kan, àti Nissa, ẹkùn kan.

Ẹ kọ́kọ́ wo ajá. Ọ̀mọ̀wé kan ń to egungun ẹranko ayé àtijọ́ jọ, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ajá gbé egungun yìí, ó sì lọ bò ó mọ́lẹ̀. Ni ọ̀mọ̀wé bá ń tọ ajá lẹ́yìn, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ kiri. Kí ni ajá ṣe tí kì í ṣe ìṣe ajá? Kò sí. Ọ̀mọ̀wé tí ó di ọmọ-ẹ̀yìn ajá ni ó pa wá lẹ́rìn-ín.

Ẹ wá wo ẹkùn. Méjì ni ó wà nínú ìtàn: ọ̀kan gbọ́ràn bí ẹran ilé, èkejì rorò, wọ́n sì ṣèèṣì tú u sílẹ̀. Susan, ipò tí Hepburn ṣe, fi okùn wọ́ èyí tí ó rorò, ó ń bá a wí bí ọmọ aláìgbọràn, nítorí ó rò pé èyí tí ó gbọ́ràn ni. Àwa mọ òtítọ́, òun kò mọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Bẹ́ẹ̀, Nissa kan náà ni ó ṣe ẹkùn méjèèjì!

Ìdáhùn mi nìyí: ẹranko kò mọ̀ pé eré ni. Ó ń ṣe ìṣe rẹ̀ àti ohun tí a kọ́ ọ. Ènìyàn ni ó ń sọ ọ́ di eré. Nítorí náà, ewu ibẹ̀ kì í ṣe eré. Olga Celeste, tí ó kọ́ Nissa, dúró nítòsí pẹ̀lú pàṣán. Nígbà kan tí Hepburn yí padà lójijì, Nissa fò mọ́ ọn lẹ́yìn. Pàṣán Olga ni ó dá a dúró. Ẹ̀rù ẹkùn ń ba Grant, nítorí náà ẹlòmíràn ni ó rọ́pò rẹ̀ níbi tí ara yóò ti kan ara. Níbòmíràn, wọ́n ya ẹkùn lọ́tọ̀, wọ́n ya ènìyàn lọ́tọ̀, wọ́n sì so àwòrán méjèèjì pọ̀.

Ènìyàn lè kọ̀. Ẹranko kò lè sọ pé òun kọ̀. Nínú Jesse James, sinimá ọdún 1939 tí kì í ṣe ti ẹ̀rín, wọ́n mú kí ẹṣin kan já láti orí òkè gíga sínú omi, ẹṣin náà sì kú. Ariwo tí ó tẹ̀ lé e ni ó mú kí ẹgbẹ́ American Humane bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìtọ́jú ẹranko níbi tí a ti ń ya sinimá, láti ọdún 1940.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, láti orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ ti wá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó ń ṣọ́ ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè
1. Èé ṣe tí a fi ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Susan ń wọ́ ẹkùn?
2. Rántí eré kan ní ìlú rẹ tí ẹranko wà nínú rẹ̀. Kí ni ẹranko náà ṣe fúnra rẹ̀? Kí ni ènìyàn fi kún un?