Ìgbàgbọ́ Ẹni àti Ìlànà Ìjọ: Àgbéyẹ̀wò Ìjọ Méjì Tó Bẹ̀rẹ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta àti Akọka

Ìfáárà

Kò sí àní-àní pé ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá. Láti Yábà dé Muṣin, láti Sùúrùlérè dé Èbúté-Mẹ́ta, ó ṣòro kí ènìyàn rin òpópónà kan já láìrí pátákó ìjọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn pátákó wọ̀nyí ni ìtàn ìyapa wà lẹ́yìn wọn: ẹnì kan ní ìdánilójú nípa ohun kan, ìjọ rẹ̀ kò fara mọ́ ọn, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń gbé dìde ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé: ibo ni ìgbàgbọ́ ẹni parí sí, ibo sì ni ìlànà ìjọ ti bẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè náà kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí òun ni ó ń dúró níwájú ọmọ tí ìjọ àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́ pé oríkì àti ẹsẹ Ifá jẹ́ ohun èèwọ̀.

Ohun tí Èdè Fi Hàn

Bí a bá fi ojú mofọ́lọ́jì wo ọ̀rọ̀ náà 'ìgbàgbọ́', inú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni ó ti jáde: 'gbà' àti 'gbọ́'. Iṣẹ́ etí ni gbígbọ́. Iṣẹ́ ọkàn sì ni gbígbà. Kò sí ẹni tó lè fi etí ẹlòmíràn gbọ́ràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè bá ẹlòmíràn gbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe fúnra rẹ̀ ni ìgbàgbọ́.

Inú 'là' àti 'ọ̀nà' ni 'ìlànà' ti wá. Ẹni tó kọ́kọ́ la ọ̀nà ti bá igbó jà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kàn ń tọ ipa ẹsẹ̀ ni. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò máa lagbó lójoojúmọ́. Ewu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn lè tọ ọ̀nà títí ọjọ́ ayé rẹ̀ láìbéèrè ibi tó lọ.

Ohun mìíràn tó gba àkíyèsí ni ìlò ọ̀rọ̀ náà 'Onígbàgbọ́'. Bí Yorùbá bá béèrè pé, "Ṣé Onígbàgbọ́ ni ẹ́?", ẹ̀sìn tí ènìyàn ń bá wọn ṣe ni ó sábà máa ń béèrè, kì í ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tọ́ka sí ìṣe ẹnì kan ti di orúkọ ẹgbẹ́.

Àwọn Tó Ṣáájú

Ìyapa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1891, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kan dá ìjọ United Native African Church sílẹ̀ ní Èkó, nítorí wọn kò gbà pé dandan ni kí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì wọ aṣọ òyìnbó. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ọdún 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde nínú Ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwòsàn nípa àdúrà nìkan ni wọ́n gbà, wọ́n sì kọ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́. Nígbà tó di ọdún 1922, wọ́n kúrò nínú Ìjọ Áńgílíkà.

Èbúté-Mẹ́ta, 1952

Josiah Akíndayọ̀mí, ọmọ Oǹdó, ti ṣe Áńgílíkà kí ó tó di ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù. Ẹgbẹ́ àdúrà kékeré tó ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa ni ó kó jọ ní Èbúté-Mẹ́ta. Nígbà tí ọ̀nà òun àti Kérúbù àti Séráfù pín, ẹgbẹ́ yìí di Redeemed Christian Church of God ní ọdún 1952. Akíndayọ̀mí kò mọ ìwé kà. Yorùbá ni ó fi ń wàásù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń túmọ̀ ìwàásù rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Enoch Adéjàre Adébóyè, tó ti ṣe olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì ìlú Èkó. Lẹ́yìn ikú Akíndayọ̀mí ní 1980, ògbufọ̀ yìí ni ó gba ipò aṣáájú ní 1981.

Ìjọ náà le lórí aṣọ obìnrin àti ohun ọ̀ṣọ́. Ní ìparí ẹ̀wádún 1980, irú ìjọ tuntun kan tí wọ́n pè ní 'model parish' bẹ̀rẹ̀, fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọ̀mọ̀wé, níbi tí òfin ìmúra ti dẹ̀. Wọn kò pa ti àtijọ́ rẹ́. Méjèèjì jọ ń lọ ni.

Akọka, 1973

William Fọlọ́runṣọ́ Kúmúyì náà jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì ìlú Èkó. Ní ọdún 1973, ó bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì nínú ilé rẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 15. Ọmọ ìjọ Apostolic Faith ni nígbà náà, wọn kò sì fi í joyè oníwàásù. Ní 1975, ìjọ náà yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ nítorí pé ó ń wàásù láìgba oyè. Ìkẹ́kọ̀ọ́ náà kò dúró. Ní 1982, ó di ìjọ gan-an, Deeper Life Bible Church.

Ohun tó yẹ ní ríronú lé ni pé ìjọ tí a bí láti inú ìyọlẹ́gbẹ́ yìí náà ṣe ìlànà tirẹ̀, ó sì ṣe é gírígírí: obìnrin kò gbọdọ̀ wọ yẹtí, kò gbọdọ̀ wọ ṣòkòtò, tẹlifíṣọ̀n kò gbọdọ̀ wọlé ọmọ ìjọ. Nígbà tó yá, ìjọ náà fúnra rẹ̀ ń lo sátẹ́láìtì láti gbé ìwàásù káàkiri. Èyí fi hàn pé ìlànà tó dà bí òkúta lè yí padà nígbà tí ìdí rẹ̀ bá yí padà.

Ohun tí Ìtàn Méjèèjì Fi Kọ́ni

Ìgbàgbọ́ ẹnì kan ni ó di ìlànà ọ̀pọ̀ ènìyàn. Olùdásílẹ̀ gbọ́, ó sì gbà. Ọmọ tí wọ́n bí sínú ìjọ bá ìlànà nílẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá tíì gbọ́ fúnra rẹ̀, òfin nìkan ni ó jogún. Síbẹ̀, kò tọ́ kí ènìyàn fi ojú ọ̀tá wo ìjọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó ń dá gbọ́ lè ṣi gbọ́, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í sì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Bí ó ti wù kí ó rí, ìjọ tó bá fi òfin di etí ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé bí òun náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nínú Kíláàsì

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tó bá lọ fún ìdánrawò ní Muṣin tàbí Sùúrùlérè yóò bá ọmọ tí kò fẹ́ ka ẹsẹ Ifá pàdé. Kí ó má ṣe fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó má sì fo ẹ̀kọ́ náà. Kí ó la ìyàtọ̀ sílẹ̀ láàárín kíkọ́ nípa nǹkan àti bíbọ nǹkan. Lẹ́yìn náà, kí ó bi í pé: "Kí ni ìwọ fúnra rẹ gbà nípa èyí, kí sì ni ìdí rẹ̀?" Bí ọmọ náà bá fèsì láti inú ọkàn rẹ̀, kí olùkọ́ bọ̀wọ̀ fún un, kí ó sì wá ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà kọ́ ọ. Ọ̀nà kan kò wọjà. Olùkọ́ tí òun náà jẹ́ ọmọ ìjọ gbọdọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìlànà ìjọ rẹ̀ ni yóò máa bá a yan iṣẹ́ tí yóò kọ́ àti èyí tí yóò fò.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìgbàgbọ́ ẹni àti ìlànà ìjọ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Inú èkínní ni èkejì ti jáde. Ìjà ń dé nígbà tí ìlànà bá gba ipò ìgbàgbọ́. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ ni láti kọ́ ọmọ bí a ti ń gbọ́, kí ohun tí ó bá gbà lè jẹ́ tirẹ̀.