Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọdé Sọ Ìtàn Ara Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò tíì mọ lẹ́tà kan ti ní ìtàn nínú. Ó ti gbọ́ àlọ́ Ìjàpá, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀, wàhálà a dé, yóò sì yanjú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ yá a lọ́wọ́ tí ń kọ̀wé. Òun ni yóò mú ìtàn wá.

Ẹ to bébà méjì léra, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi òwú rán an láàárín: ìwé olójú ewé mẹ́jọ dé. Kí ọmọ kọ́kọ́ ya àwòrán. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ wọn a máa ya ènìyàn ní orí róbótó tí ẹsẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀, láìsí ikùn. Ẹ má bá a tún un yà o. Ẹ ní, "Sọ fún mi, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbí?" Ohun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ lójú rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bó bá ní, "Ajá sá, ajá sá, ajá sá," ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí ẹ kọ ọ́. Kí ẹ wá máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹ ti ń kà á fún un. Ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé ohun tí ẹnu òun sọ ti dúró sórí bébà.

Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kan, Vivian Gussin Paley, ṣe ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Yóò kọ ìtàn tí ọmọ bá sọ sílẹ̀, ọmọ náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi ṣeré lójú gbogbo kíláàsì. Ní 1981 ló tẹ ìwé *Wally's Stories* jáde lórí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni olùkọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dí ọmọ lẹ́nu. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, bí ọmọ bá fi Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú sọ ìtàn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí òbí bá wá mú ọmọ lọ sílé, ẹ má sáré fi lẹ́tà tó dà kọ hàn wọ́n. Ẹ gbé ìwé tí ọmọ ṣe lé e lọ́wọ́, kí ó kà á fún wọn. Kí ẹ sì sọ fún òbí pé kí wọ́n jókòó gbọ́ ọ dópin, kí wọ́n má tún un ṣe. Ọmọ tí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin ni yóò tún fẹ́ kọ òmíràn.