Ọkọ̀ Tí Ẹ Gbé Lọ Sáré Ni Yóò Gbé Yín Délé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ wà ní London, Kent àti Essex, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ojú ọjọ́ ti ń móoru, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti ń sanwó sílẹ̀ láti gbé ọkọ̀ yín lọ sí track day ní pápá eré ọkọ̀ Brands Hatch. Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lè sáré tó, inú pápá ló yẹ kó ti mọ̀ ọ́n, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń kọjú síbì kan náà, tí ẹnikẹ́ni kì í sọdá títì, tí àwọn tó ń ju àsíá wà létí kọ́nà, tí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn sì wà ní sẹpẹ́. Títì M25 kì í ṣe ibi ìdánwò. Ẹni tó bá ń fi ibẹ̀ dán eré wò ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí ẹ ṣe ń múra. Ẹ ra Golf tàbí Civic tí ẹlòmíràn ti lò fún ọdún mẹ́jọ. Owó àkọ́kọ́ lọ sórí páìpù èéfín tó ń bú ramúramù, èkejì lọ sórí wíìlì tó ń dán, ẹ̀kẹta lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà fi kún agbára ẹ́ńjìnnì. Bíréèkì tó bá ọkọ̀ wá ńkọ́? Ó wà bí ẹni tó tà á fún yín ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ ti fi kún eré, ẹ ò fi ohunkóhun kún ìdúró.

Ọkọ̀ yín kì í ṣe ọkọ̀ ìdíje. Orí tírélà ni ọkọ̀ ìdíje ń gùn lọ, orí tírélà náà ló ń gùn bọ̀. Tiyín ni yóò gbé yín gba títì padà nírọ̀lẹ́, òun náà ni yóò gbé ọmọ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ Ajé, tí yóò sì gbé ìyá yín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú rẹ̀ ní pápá tí ẹ ò rí, ojú títì ni yóò ti fara hàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wo bíréèkì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Eré tí ẹ bá sọ di ìlọ́po méjì, agbára tó wà lára ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó wúwo tó 1,300 kílò, tó ń sá 160 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ẹ bá tẹ bíréèkì títí ó fi dúró, ooru tí bíréèkì yóò gbà sára lè mú omi tútù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́rin hó. Omi tí ẹ ó fi ro àmàlà fún odindi ìdílé nìyẹn, tó hó láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Láàárín ìlú, níbi tí ẹ ti ń dúró láti orí eré 50, ooru náà kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìyẹn lọ, afẹ́fẹ́ sì ń ráyè tù ú lójú kí iná títì mìíràn tó dá yín dúró. Ní Brands Hatch, òpópó kékeré tí wọ́n ń pè ní Indy kò ju kìlómítà méjì lọ. Bí ìṣẹ́jú kan ni ọkọ̀ fi ń yí i po. Ẹ ó já sí Paddock Hill Bend tó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, kí ẹ tó mí, kọ́nà Druids ti dé, níbi tí ẹ ó ti tẹ̀ ẹ́ gan-an, Graham Hill Bend sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bíréèkì kò ní ìsinmi.

Ọ̀nà méjì ló fi ń kọ̀ fún yín, kí ẹ sì mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ti páàdì. Bí ó bá gbóná kọjá ohun tí wọ́n ṣe é fún, kò ní di dísìkì mú mọ́. Pẹ́dà á le lábẹ́ ẹsẹ̀ yín bó ṣe yẹ, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára, ọkọ̀ á ṣì máa lọ. Èkejì ni ti ọ́ìlì bíréèkì, òun ló sì burú jù. Bí ọ́ìlì náà bá hó nínú kálípà, èéfín á wọ inú rẹ̀. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, ṣùgbọ́n èéfín ń fún pọ̀. Pẹ́dà tó le tẹ́lẹ̀ á wá rì títí kan ilẹ̀, kọ́nà á sì wà níwájú yín.

Kí ló ń mú un hó? Omi ni. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra láti ara rọ́bà àti láti ojú ìdérí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Irú ọ́ìlì bíréèkì tí wọ́n ń pè ní DOT 4, tó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230°C. Bí omi inú rẹ̀ bá ti tó bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìlànà gbà pé kí ó hó ní 155°C. Omi díẹ̀ yẹn nìkan ló jẹ 75°C nínú ààbò yín. DOT 5.1 bẹ̀rẹ̀ láti 260°C, ó sì ń já sí 180°C. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fa ọ́ìlì àtijọ́ jáde pátápátá láti wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó sì rọ tuntun sí i. Agolo tó ti wà ní ṣíṣí láti ọdún tó kọjá kì í ṣe tuntun mọ́. Ẹ ṣọ́ra gidi fún DOT 5. Orúkọ rẹ̀ jọ ti DOT 5.1, ṣùgbọ́n sílíkóònù ni, kò sì gbọdọ̀ da pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mílímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyẹ̀wò ọkọ̀ ọlọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní MOT kì í já ọkọ̀ kulẹ̀ nítorí páàdì àfi tí kò bá tó mílímítà 1.5, àwọn kan sì ń fi èyí tan ara wọn jẹ. Páàdì tó ti jẹ fẹ́lẹ́ jẹ́ ojú ọ̀nà tí ooru ń gbà dé ọ́ìlì kíákíá. Tí tiyín bá ti jẹ dé ìdajì, ẹ má gbé e wọ pápá. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ooru gíga, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń mú dáadáa nígbà tó tutù, nítorí àwọn kan wà tí kì í di dísìkì mú àfi tí wọ́n bá gbóná. Irú ìyẹn kò yẹ ọkọ̀ tí ẹ ó gbé jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ nínú òtútù.

Bí ẹ bá ti wọ pápá, ẹ má sáré ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì jẹ́ kí ìyípo tó kẹ́yìn jẹ́ ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ láìfọwọ́ kan bíréèkì tó bá ṣeé ṣe, kí afẹ́fẹ́ lè tu gbogbo rẹ̀ lójú. Tí ẹ bá dúró, ẹ má fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ fi jíà há a, kí ẹ sì fi òkúta tàbí igi di táyà. Páàdì tó ń jó, tí a bá fún un mọ́ dísìkì tó gbóná, ibì kan ṣoṣo ni yóò ti máa sun dísìkì náà, ẹ ó sì máa gbọ́ ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tí pẹ́dà bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ yín ti parí nìyẹn. Lẹ́yìn wákàtí kan ó lè tún le padà, ó sì lè tàn yín jẹ. Ọ́ìlì tó ti hó lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣàìhó lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ wá bá mi wo ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ géèjì ooru tó wà níwájú yín, ẹ má gbára lé e. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kó dúró sí àárín bí omi bá tiẹ̀ gbóná sí i tàbí tutù sí i, kí awakọ̀ má báa dààmú. Nígbà tó bá fi mira, ìṣòro ti pẹ́ tó ti dé. Ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù tí wọ́n tà ní Yúróòpù láti 2001, àti ti dísẹ́ẹ̀lì láti 2004, ní ihò OBD lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun èlò kékeré tí kò wọ́n ni ẹ ó kì bọ̀ ọ́, yóò sì máa fi iye ooru gan-an ránṣẹ́ sí fóònù yín. Ẹ so fóònù náà mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ kó máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀, kí ẹ sì ṣètò ariwo ìkìlọ̀ fún un, kí ẹ má máa yọjú wò ó nínú kọ́nà. Tí ooru ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ti kọjá 130°C, ẹ dín eré kù, ẹ jáde.

Ìwọ̀n ọ́ìlì náà ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní kọ́nà gígùn bíi Clearways, ọ́ìlì máa ń dà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹ́ńjìnnì. Tí kò bá pọ̀ tó, ohun tó ń fà á sókè á fa afẹ́fẹ́ dípò rẹ̀, irin á sì máa ha irin. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ rọ ọ́ dé àmì òkè, ẹ má kọjá á, kí ẹ sì yọ igi ìwọ̀n rẹ̀ wò lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá jáde, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní sùúrù díẹ̀.

Ti táyà, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2019. Táyà tòkúnbọ̀ tí wọ́n ń tà ní ìdajì owó létí títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọ pápá rárá, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó. Ẹ ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó tutù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n gbàrà tí ẹ bá jáde. Èyí tó jẹ́ 32 psi láàárọ̀ lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 40, táyà á sì wú láàárín, kò ní di ilẹ̀ mú mọ́. Ẹ ó yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan: aago, afẹ́fẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ooru ọ́ìlì, bí páàdì ṣe nípọn tó. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún yín pé táyà iwájú òsì ń jẹ ju ti ọ̀tún lọ, kí okùn inú rẹ̀ tó yọ síta.

Nọ́ọ̀tì wíìlì náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ẹ lo sípánà tó ń wọn agbára, kì í ṣe ẹsẹ̀ tí a fi ń gun sípánà mọ́lẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ Honda Civic jẹ́ 108 Nm, ti ọkọ̀ mìíràn yàtọ̀, ó sì wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ tún un wò láàárọ̀, ẹ tún un wò lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá wọ pápá, nígbà tó bá ti tutù.

Mo ní láti sọ ti ìnṣọ́ránsì, nítorí ó ti sọ àwọn kan di onígbèsè. Ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì ní Bìrìtìkó ló yọ pápá eré sílẹ̀ pátápátá. Ẹ ó ra ti ọjọ́ náà lọ́tọ̀, kí ẹ sì ka iye tí ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ san. Àwọn tó ń múra láti lọ sí Nürburgring ní Jámánì, òpópó 20.8 kìlómítà yẹn, ọ̀pọ̀ ìwé ló dárúkọ rẹ̀ gan-an pé àwọn kò sí níbẹ̀. Tí ẹ bá ba irin ẹ̀gbẹ́ títì jẹ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni wọn yóò kọ owó rẹ̀ lé lórí.

Ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò nínú ọkọ̀, títí kan ìjókòó ọmọ. Ẹ wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bá orí yín mu. Ẹ má wọn àkókò ìyípo yín, àwọn olùṣètò kò gbà á, nítorí kò pẹ́ tí eré ìgbádùn fi ń di ìdíje.

Nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó dágbére, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ táyà tí ẹ yọ nígbà tó gbóná ti dín kù gan-an báyìí, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un padà sí iye tí ìwé ọkọ̀ sọ, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń bẹ́ lórí eré M20. Ẹ fún nọ́ọ̀tì wíìlì le. Ẹ wo ọ́ìlì, ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá nǹkan kan ń jò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí páàdì wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti àárín wíìlì. Ẹ jókòó, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ fi ka ọgbọ̀n. Tí pẹ́dà bá ń rọra lọ sílẹ̀, tàbí tí páàdì kankan bá ti kù mílímítà mẹ́ta, ẹ pe ọkọ̀ tó ń gbé ọkọ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé.