Sí Àbẹ̀kẹ́, Lórí Orúkọ Ara Agolo

Ọjà Sángò,
Ọ̀tà.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Bàbá rẹ ti jíṣẹ́ tí o rán an. O ní owó oúnjẹ kì í pẹ́ tán mọ́, pé o fẹ́ fi àwọn ọjà olórúkọ ńlá sílẹ̀ kí o máa ra èyí tí súpámákẹ́ẹ̀tì fi orúkọ ara rẹ̀ dì, àti èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ń ṣe. O tún ní ohun tó ń dẹ́rù bà ọ́ jù ni ojú tí ìyá ọkọ rẹ máa fi wò ọ́ bó bá dé ilé rẹ ní Ìtẹ̀lé, tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná rẹ.

Ọ̀rọ̀ ojú yẹn ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí òun gan-an ló ń ná ọ lówó. Mo ti pẹ́ nídìí títa prófíṣọ̀n ní Sángò yìí. Mo rí àwọn obìnrin tó máa ní kí n ti mílíìkì tí owó rẹ̀ kéré sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá, kí n wá gbé agolo olórúkọ lé e lórí, kí ará àdúgbò má baà rí i. Àánú wọn a máa ṣe mí. Nígbà mìíràn, ilé kan náà ni èyí tí wọ́n ń fi pamọ́ àti èyí tí wọ́n ń gbé sókè ti jáde wá. Ilé iṣẹ́ FrieslandCampina WAMCO ló ni Peak, òun náà ló ni Three Crowns. Ní 2020, ó tún ra iṣẹ́ mílíìkì PZ Cussons, Nunu àti Olympic náà sì di tirẹ̀. Indomie tí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀tà níbí láti 1995, àwọn tó ni ín ló ra iṣẹ́ nọ́dùùsì Dangote ní 2017. N kò wí pé ohun kan náà ló wà nínú gbogbo wọn o. Mílíìkì mìíràn wà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n fi òróró rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yìn agolo ni o ti máa ka ìyẹn, kì í ṣe iwájú rẹ̀.

Ṣé o rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń tò nítorí búrẹ́dì Shoprite lẹ́yìn tí ilé ìtajà náà dé Lẹ́kí ní 2005? Inú ilé ìtajà ni wọ́n ti ń yan án, orúkọ ilé ìtajà ló sì wà lára ọ̀rá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi pamọ́. Wọ́n tilẹ̀ ń gbé e dání káàkiri kí ayé lè rí i ni. Nílùú Ọba, ní 1993 ni súpámákẹ́ẹ̀tì Tesco bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọjà Tesco Value tirẹ̀, àwọn ọmọ wa tó wà níbẹ̀ nígbà náà ń rà á láìfi bò. Kí ló dé tí ìwọ yóò fi máa tijú nítorí iyọ̀?

Lórí iyọ̀, ṣúgà àti fúláwà, má ṣe fi kọ́bọ̀ kan kún owó nítorí orúkọ. Òfin ló ní kí wọ́n fi áyódíìnì sínú iyọ̀ kí gẹ̀gẹ̀ má baà mú àwọn èèyàn, láti 1993 nìyẹn. Láti 2002, òfin tún ní kí fàítámì A wà nínú ṣúgà, fúláwà àti òróró tí wọ́n ń tà fún ìdáná. Àwòrán ojú kékeré kan wà lára ọ̀rá wọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀, wá a. Ní ti ṣúgà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá díẹ̀ bíi Dangote, BUA àti Golden Sugar ló ń fọ èyí tó pọ̀ jù nínú èyí tí a ń jẹ. Ẹni tó dì í sínú ọ̀rá kékeré kò lóko ìrèké kankan lẹ́yìnkùlé, ọ̀dọ̀ wọn náà ló ti rà á.

Nídìí tòmátò ni kí o ti la ojú rẹ dáadáa. Bí o bá rí Tomato Mix lára sáṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń po sítáàṣì mọ́ ọn. Tomato Paste ni kí o wá. Mo ti rí Mix tó gbé orúkọ ńlá, mo sì ti rí Paste tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, tó ki, tó pọ́n, tó sì dùn lọ́bẹ̀.

Wàyí o, àwọn ibì kan wà tí n kò ní gbà fún ọ kí o ṣọ́ owó ná. Epo pupa tí wọ́n ń wọ̀n nínú ìgò, tí o kò mọ ẹni tó fún un, má rà á nítorí pé ó pọ́n. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ títí nípa àwọn tó ń da àwọ̀ Sudan sínú epo, àwọ̀ náà sì lè fa jẹjẹrẹ. Bí o bá máa ra epo, rà á lọ́wọ́ ẹni tí o mọ ilé rẹ̀. Mílíìkì ọmọ jòjòló rẹ náà, èyí tí nọ́ọ̀sì bá ní kí o lò ni kí o lò, bí ọmú kò bá tó. Má fi ti ọmọ dán nǹkan wò.

Má sì rò pé orúkọ ńlá nìkan tó láti dáàbò bò ọ́. Orúkọ ńlá gan-an ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wá. Ní oṣù Kejìlá 2023, NAFDAC ti ọjà Cemetery ní Aba pa nítorí ọjà ayédèrú àti èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí wọ́n ń tún ọjọ́ tẹ̀ sí lára. Orúkọ tí kò tà, ta ni yóò dààmú ara rẹ̀ láti ṣe ayédèrú rẹ̀? Nítorí náà, yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò, wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, wo àdírẹ́sì ilé iṣẹ́. Fi ìka pa ọjọ́ náà bóyá yóò parẹ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọjà tí súpámákẹ́ẹ̀tì fi orúkọ ara rẹ̀ dì nìyẹn: bó bá bàjẹ́, o mọ ilẹ̀kùn tí o máa kàn, rísíìtì sì wà lọ́wọ́ rẹ.

Ìwọ̀n wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú wa jù. Jẹ́ ká sọ pé ọ̀rá mílíìkì olórúkọ jẹ́ gíráàmù 400 ní ₦2,000, tí èkejì jẹ́ gíráàmù 350 ní ₦1,850. Ojú yóò sọ fún ọ pé èkejì ló dínwó. Fi fóònù rẹ pín in: náírà 5 ni gíráàmù kan nínú ti àkọ́kọ́, ó lé ní náírà 5 àti kọ́bọ̀ 28 nínú ti èkejì. Olórúkọ ló dínwó lọ́jọ́ yẹn, òun ni kí o rà. Máa ṣe é ní gbogbo ìgbà tí o bá lọ, nítorí wọ́n ń dín ohun inú ọ̀rá kù láìyí àwòrán iwájú rẹ̀ padà. Sáṣẹ́ẹ̀tì ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì sábà máa ń gbówó jù. Ìwọ àti àwọn aládùúgbò rẹ méjì tàbí mẹ́ta ní Ìtẹ̀lé lè dáwó jọ, kí ẹ ra páálí kan ní Sángò, kí ẹ pín in.

Má tún so ara rẹ mọ́ orúkọ kan ṣoṣo. Unilever, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Agbára níhìn-ín, kéde ní 2023 pé àwọn ò ní ṣe Omo, Sunlight àti Lux mọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn oníbàárà mi tí kò fọṣọ pẹ̀lú nǹkan mìíràn rí dúró níwájú àtẹ bí ẹni tó ṣìnà.

Ní ti ìyá ọkọ rẹ, mílíìkì tó bá fẹ́ nínú tíì rẹ̀ ni kí o rà fún un, agolo kan kò ní pa yín. Ọ̀wọ̀ nìyẹn, má jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí o fi tòmátò rẹ sè, gbé e fún un kó jẹ ẹ́ tẹ́rùn. Bó bá béèrè, sọ orúkọ ohun tí o lò láìparọ́, kí o sì sọ iye tí o fi pamọ́ fún owó ilé ìwé ọmọ ọmọ rẹ̀. Òun náà ti tọ́mọ rí, kò ní ṣàì yé e.

Bí o bá ń bọ̀ ní ìparí oṣù, kó rísíìtì rẹ dání, ká jọ fi bírò fa ìlà sí èyí tó yẹ kó kúrò. Gbé ọmọ wá pẹ̀lú, n ó mú un lọ́wọ́ kí o lè rìn yí ọjà ká dáadáa.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.