Bàtà Katakata Àgbà

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Mo mọ àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn tó máa ń pa òwe yìí fún àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì lọ ra ìtẹ́ òkété fún eku ẹlírì. Táyà 16.9-30 ló wà lẹ́yìn katakata Massey Ferguson 375 rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, ó lọ gbé 18.4-30 wálé, ó ní èyí fẹ̀, yóò di ilẹ̀ mú. Rímù rẹ̀ kò fẹ̀ tó o. Bí fọkanáísà ṣe fẹ́ wọn tán, àárín táyà yọ gọngọ bí ikùn aláboyún. Àárín yẹn nìkan ló ń tẹ ilẹ̀, eyín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kàn ń wòran.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Katakata tó ti lo ọgbọ̀n ọdún ní àkísà rẹpẹtẹ: ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lè ti pààrọ̀ rímù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sọ́jà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára rímù, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Lára táyà, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ rẹ̀ ní ínṣì, èyí tó kẹ́yìn ni ìwọ̀n rímù tí yóò jókòó lé. Táyà àtijọ́ máa ń da àwọn ènìyàn lójú rú níbí yìí, torí 15-30 ìgbà náà ni wọ́n ń pè ní 18.4-30 lónìí, ibòmíràn, wọ́n á kọ ọ́ pọ̀ sí 18.4/15-30. Bẹ́ẹ̀ náà ni 14-30 ṣe di 16.9-30. Bí ẹ bá rí lẹ́tà R láàárín nọ́ńbà méjèèjì, oríṣi okùn inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti táyà tí kò ní R. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan sí ọ̀tún, kí ẹ fi èkejì sí òsì.

Ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Mo bẹ àwọn àgbà, ní ti táyà, èmi kì í gba èyí gbọ́ tán. Iṣẹ́ ló ń sọ èyí tó jẹ́ ògo. Táyà tí wọ́n kọ R-2 sí lára, tí eyín rẹ̀ jìn bí ẹnu kòtò, ọ̀wọ́n ni. Ẹni tó ń gbin ìrẹsì ní àkùrọ̀ ló ṣe é fún. Bí ẹ bá gbé e sórí ọ̀dà láti oko dé Ìsẹ́yìn lójoojúmọ́, títì yóò jẹ eyín yẹn kíákíá. Oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kò béèrè ju R-1 lọ. Ní iwájú, táyà ọkọ̀ akẹ́rù 7.50-16 máa ń wọ rímù katakata, owó rẹ̀ kì í sì í ga. Bí ẹrù lẹ ń kó lójú títì, kò burú. Ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, ẹ ó yí ọwọ́ ọkọ̀, katakata yóò máa lọ tààrà. Èyí tó ní ìlà gíga mẹ́ta lára, tí wọ́n kọ F-2 sí, ló ń gbọ́ràn.

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, Dunlop náà dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà, nítorí náà ojú omi ni ọ̀pọ̀ táyà wa ń gbà wá. Ibi tí wọ́n ti fi mí ṣe ọbọ nìyẹn. Mo ra méjì tó ń dán bí awọ ejò, mi ò wo ọjọ́ orí wọn. Ọ̀sẹ̀ kejì ìtúlẹ̀, ọ̀kan ya láti ìdí eyín. Ìgbà yẹn ni mo tó wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára rẹ̀: 3506, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2006. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá kó tó dé ọwọ́ mi. Ẹ wò ó kí ẹ tó dúnàádúrà, kí ẹ sì tẹ ìdí eyín ya díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ẹ kí oníṣòwò pé ó dàárọ̀.

Bí rímù bá ti jẹrà, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kàn án nígbà tí táyà ṣì wà lórí rẹ̀, kódà bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá ti tán. Ooru yẹn lè mú kí táyà bú gbàmù, ó sì ti pa ènìyàn. Ẹ yọ táyà kúrò pátápátá ná.

Nígbà tí wọ́n bá wọ tuntun tán, ẹ dúró sẹ́yìn katakata, kí ẹ wo eyín rẹ̀ bí ẹni wo ọfà. Ṣóńṣó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Bí ó bá kọjú sílẹ̀, òdì ni wọ́n wọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ yóò sì máa há sí i láàárín eyín. Ẹ ní kí fọkanáísà tú u kó tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀.